Orí Kẹfà: Òṣùwọ̀n Ṣáájú Ẹ̀rọ

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ tó ń lépa àgbọ̀nrín, àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yìnbọn ní pápá ìdárayá, kì í fi èèpo kátíríìjì sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á kó o relé, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún un ki. Òfin ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń ki kátíríìjì fún ìlò ara rẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ sọ ọ́ di òwò ló gbọ́dọ̀ lọ gbàṣẹ. Ọmọ Yorùbá tó bá ń gbé ní Texas tàbí Georgia, tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì ń mú lọ sí pápá ìyìnbọn, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ìdí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi fẹ́ ní tirẹ̀. Ní Nàìjíríà ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin Ìbọn ọdún 1959 ka ṣíṣe ọta léèwọ̀ fún aráàlú. Ibi tí òfin ti gbà á ni orí yìí ń bá wí.

Ìbéèrè tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bi ni pé ẹ̀rọ wo ni kí òun rà. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rọ kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn ohun tó ń pa ojú àti ìka ọwọ́ mọ́, tí kò sì jẹ́ kí ọmọ inú ilé ṣàìsàn, kéékèèké ni wọ́n, wọn kì í sì í tàn lójú ẹni tó wá rajà: òṣùwọ̀n, ìwé ìlànà, àwo onígi tí a ń to èèpo sí, ọṣẹ, àti ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Kí ìdí rẹ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo inú kátíríìjì náà.

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di kátíríìjì. Idẹ ni èèpo rẹ̀, bàbà sì kó nǹkan bí 70 nínú 100 idẹ náà, síńkì ni ìyókù. Ní ìdí èèpo ni káàpù wà, ife kékeré kan tí ohun tó ń gbaná lójijì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù wà láàárín, ọta wà lẹ́nu. Bí irin ìbọn bá gbá káàpù, iná á ta wọ inú ẹ̀tù, ẹ̀tù á di gáàsì, gáàsì á sì ti ọta jáde. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, idẹ nìkan ló ń ṣẹ́ kù fún ìlò mìíràn. Ó bá iṣẹ́ yìí mu nítorí pé bí gáàsì bá tì í, á wú, á fún mọ́ ara ìbọn kí gáàsì má baà yọ sẹ́yìn síni lójú, lẹ́yìn náà á sún padà díẹ̀ kó lè ṣeé fà yọ. Ṣùgbọ́n kì í padà sí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ẹ̀rọ ìtẹ̀ àti dáì, ìyẹn irin oníhò tí a ń ti èèpo bọ̀ kó lè fún padà sí bó ṣe yẹ. Abẹ́rẹ́ kan tún wà láàárín dáì náà tó ń gún káàpù tó ti jó jáde láti inú.

Abẹ́rẹ́ yìí ló fà á tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ yẹ ihò ìdí èèpo wò kó tó kó o wálé. Láàárín àwọn ọdún 1860, ẹni méjì ṣe irú káàpù méjì jáde: Edward Boxer, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Hiram Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà. Èèpo ti Boxer ní ihò kan ṣoṣo ní àárín gbùngbùn, ti Berdan sábà máa ń ní méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sì gba ti ọmọ Amẹ́ríkà. Èèpo oníhò kan ni ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ dáì bá pàdé ihò méjì, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká mú kátíríìjì kan pàtó, èyí tí wọ́n ń pè ní .38 Special. Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson gbé e jáde ní ọdún 1898 fún ìbọn ìléwọ́. Ẹ̀tù dúdú àtijọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ki sínú rẹ̀, irú ẹ̀tù bẹ́ẹ̀ sì máa ń gba àyè, nítorí náà wọ́n ṣe èèpo náà gùn. Ṣùgbọ́n ní 1884, Paul Vieille ti ṣe ẹ̀tù tí kì í rú èéfín jáde ní ilẹ̀ Faransé, kò sì pẹ́ tí ẹ̀tù tuntun fi gba ipò ti àtijọ́ níbi gbogbo. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé bíńtín rẹ̀ tó ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀tù dúdú púpọ̀ ń ṣe. Èèpo .38 Special kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrú. Ẹ̀tù tó ń yára jó, bí a bá wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ sínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, òkè á ṣófo. Ẹni tí fóònù dún sí lẹ́nu iṣẹ́, tó da ẹ̀tù sínú èèpo kan lẹ́ẹ̀mejì, kò ní rí i kó kún dà sílẹ̀. Á gbé ọta lé e lẹ́nu, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kátíríìjì náà á sì jọ àwọn yòókù bí ìbejì.

SAAMI, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, ló ń fi ìwọ̀n sí agbára gáàsì inú kátíríìjì kọ̀ọ̀kan. Ti .38 Special kò gbọ́dọ̀ ju páùn 17,000 lọ lórí ínǹṣì kan níbùú lóròó. Ti .30-06, kátíríìjì ìbọn gígùn tí àwọn ọdẹ fẹ́ràn, jẹ́ 60,000. Nínú irú páùn yìí kan náà, afẹ́fẹ́ tí fọganáísà ń fẹ́ sí táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ju 35 lọ. Ìbọn tí wọ́n ṣe láti gba 17,000, tí a wá fún ní ẹ̀tù ìlọ́po méjì, lè fọ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà burú tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbàgbé láti fi ẹ̀tù sí èèpo kan, káàpù nìkan lágbára tó láti ti ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn, kó sì há síbẹ̀. Ìbọn kò ní dún gan-an, á kàn ṣe “pọ́ọ̀”. Bí ẹni tó mú un kò bá dúró yẹ̀ ẹ́ wò, tó tún yin èkejì, ọta kejì á lọ pàdé ti àkọ́kọ́ lọ́nà, ọ̀pá ìbọn sì lè bẹ́.

Ibi tí a dé yìí ni a ti lè sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ gba dáì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan: ẹ ó ti gbogbo èèpo bọ dáì kan tán, kí ẹ tó yọ dáì náà, kí ẹ fi òmíràn sí i. Èkejì ní orí tó ń yí, dáì mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà lórí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó tò wọ́n. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ pọ̀: bí a bá ti fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èèpo kan ń fún, òmíràn ń gba káàpù, òmíràn ń gba ẹ̀tù, òmíràn ń gba ọta. Ó lè ṣe kátíríìjì ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún jáde ní wákàtí kan, nígbà tí oníkan-ṣoṣo kò ní ju àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún lọ.

Oníkan-ṣoṣo ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà. Ìfàsẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni àǹfààní rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi ẹ̀tù sí àádọ́ta èèpo tán, gbogbo wọn á wà lórí àwo onígi kan, ẹnu wọn á ṣí sílẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn, ẹ wò wọ́n láti ìlà dé ìlà. Èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ á hàn, èyí tó ṣófo á hàn. Ìṣẹ́jú kan péré ni èyí ń gbà, òun ló sì ń mú àṣìṣe méjèèjì tí mo sọ lókè wá sí gbangba kí a tó gbé ọta lé e. Lórí ẹ̀rọ aláṣepọ̀, ojú kan ṣoṣo yìí ni kò sí. Nǹkan mẹ́rin ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò tíì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí lọ́wọ́ kò lè mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá pọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹni tó ń yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta ìléwọ́ lóṣooṣù kò lè fara da ìlọ́ra yẹn. Òtítọ́ ni. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ra olórí-yíyí, tàbí kó fi oníkan-ṣoṣo kọ́ iṣẹ́ fún ọdún kan kó tó ra aláṣepọ̀. Oníkan-ṣoṣo náà kò ní di àlòkù tí a sọ nù; yóò máa wúlò fún iṣẹ́ tó gba sùúrù.

Ní ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, n kò rí ìdí tí èèyàn fi ní láti dààmú. RCBS, tí Fred Huntington dá sílẹ̀ ní Oroville ní California ní 1943, Lee ní Wisconsin, Hornady ní Nebraska, Lyman tó ti wà láti 1878: gbogbo wọn ló ń ṣe oníkan-ṣoṣo tó ń pẹ́. Ẹ wo fírémù rẹ̀. Èyí tó yí po bí òrùka lágbára ju èyí tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lọ, pàápàá fún èèpo ìbọn gígùn tó máa ń gba agbára láti fún. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìwọ̀n ẹsẹ̀ dáì ti di ọ̀kan náà láàárín ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, nítorí náà dáì ẹnìkan á wọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ń ra dáì fún èèpo ìléwọ́ tó gún régé, ẹ ra èyí tí òrùka inú rẹ̀ jẹ́ carbide, irin líle tí kò béèrè òróró. Èèpo ìbọn gígùn tí ọrùn rẹ̀ tín-ínrín kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀: bí a kò bá fi òróró pa á, á há sínú dáì, yíyọ rẹ̀ á sì di iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé èèpo gígún bíi ti .38 Special dára láti fi bẹ̀rẹ̀, bí àyè inú rẹ̀ tilẹ̀ léwu. Ewu náà ní àtúnṣe: nínú ìwé ìlànà, ẹ yan ẹ̀tù tó máa ń gba àyè, èyí tí ìwọ̀n kan rẹ̀ kọjá ìdajì èèpo, tí ìlọ́po méjì rẹ̀ á fi dà sílẹ̀ lójú yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí òṣùwọ̀n. Gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú páùn kan, ọ̀kan sì jẹ́ gíráàmù 0.0648. Òṣùwọ̀n tó yẹ gbọ́dọ̀ lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gíréènì hàn, ìyẹn nǹkan bíi mílígíráàmù 6.5. Ó lè dà bí ẹni pé ìwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan, àfi tí a bá mọ ìwà ẹ̀tù. Bí gáàsì ṣe ń tẹ ẹ̀tù tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yára jó tó. Bó sì ṣe ń yára jó, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ń pọ̀ sí i, tó tún ń tẹ ìyókù. Nítorí náà, agbára inú kátíríìjì kì í fi ìwọ̀n kan náà gòkè bí ẹ̀tù ṣe ń pọ̀. Bó bá ti súnmọ́ òkè, àfikún bíńtín á mú un fò sókè lójijì. Títẹ ọta wọlé jù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú èèpo kúkúrú bíi ti 9mm, nítorí ó ń gba àyè lọ́wọ́ gáàsì.

Òṣùwọ̀n alápá, èyí tí irin gbọọrọ kan ń gbé ìwọ̀n dọ́gba lórí ẹnu ọ̀bẹ, kò lo iná, kì í sì í sábà ṣìnà bí a bá gbé e sórí tábìlì tó dúró. Ti oníná yára, ó rọrùn kà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fáànù ń tì í, òtútù àti ooru ń sún un kúrò lójú òdo, fóònù tó wà nítòsí lè dà á láàmú. Èmi á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alápá. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ ra òkúta ìwọ̀n àyẹ̀wò mọ́ ọn, àwọn irin kéékèèké tí a mọ ìwọ̀n wọn dájú, kí ẹ máa fi dán an wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n tó ń parọ́ burú ju àìní òṣùwọ̀n lọ, torí a gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ìwé ìlànà kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Lyman, Hornady àti Lee ní tiwọn. Ẹ ra méjì, ẹ fi wọ́n wéra. Fún ọta àti ẹ̀tù kọ̀ọ̀kan, ìwé á kọ ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n òkè. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ sọ pé òun ti ń lo èyí tó ga jù ú láti ogún ọdún. Ìbọn tirẹ̀ kọ́ ni ìbọn yín. Bí ẹ bá yí káàpù, èèpo tàbí ọta padà, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì ka orúkọ ẹ̀tù délẹ̀délẹ̀: IMR 4350 àti H4350 ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ẹ̀tù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìwọ̀n ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìgò ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì nígbàkígbà, bí iṣẹ́ bá sì parí, ìyókù á padà sínú ìgò tó ti wá kí ẹ tó dìde.

Ẹ fi kálípà kún un fún wíwọn gígùn kátíríìjì, àrọ kékeré, gíláàsì ojú fún ìgbà tí a bá ń fi káàpù sí i, àti òòlù oníhò tí a fi ń yọ ọta kúrò lẹ́nu èyí tí ẹ bá fura sí. Ẹ ra òòlù yẹn lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ra ẹ̀rọ. Ẹni tí kò ní in máa ń wá àwáwí láti yin kátíríìjì tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí.

Ibi tó kù yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn tó ń ta irinṣẹ́ kì í sábà mẹ́nu bà. Òjé ni mo ní lọ́kàn. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọta, ìyẹn hàn sí gbogbo èèyàn. Èyí tí kò hàn ni òjé inú káàpù. Lead styphnate ni ohun tó ń gbaná nínú ọ̀pọ̀ káàpù òde òní. Bó bá ti jó, eruku òjé tó tín-ínrín á kù sínú èèpo. Gbogbo èèpo tí ẹ ṣà wálé ló gbé e dání. Bí ẹ bá wá dà wọ́n sínú ẹ̀rọ ìfọ̀ gbígbẹ, èyí tó ń gbọn èèpo pọ̀ mọ́ ṣùkù àgbàdo tàbí èèpo àsálà tí wọ́n lọ̀, eruku náà á kúrò lára idẹ, á bọ́ sínú ohun ìfọ̀, ìgbà tí ẹ bá sì ṣí ìdérí tí ẹ dà á sẹ́ ni yóò rú sókè. Ẹ ra ẹ̀rọ ìfọ̀ olómi. Omi á di eruku mú. Bí owó kò bá tó o, ẹ gbé ti gbígbẹ síta, ẹ má sì ṣe é nínú ilé tí ọmọdé wà.

Ara èèyàn kò dá òjé mọ̀ yàtọ̀ sí calcium. Ó ń gbà á wọ egungun, ibẹ̀ ló sì ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí obìnrin bá lóyún, tí ara rẹ̀ ń fa calcium láti inú egungun fún ọmọ, òjé tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ lè bá a jáde lọ bá ọmọ inú. Àgbàlagbà tó gbé òjé mì, díẹ̀ ni ìfun rẹ̀ ń gbà. Ti ọmọdé lè gba ìdajì. Nínú àgbàlagbà ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Nínú ọmọdé, ọpọlọ ló ń bá jà, ohun tó bà jẹ́ níbẹ̀ kì í sì í sábà padà bọ̀ sípò. Ní 2021, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n ti máa dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ sí máíkírógíráàmù 3.5 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, wọ́n sì sọ pé kò sí ìwọ̀n kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. A ti rí i nílé wa: ní Zamfara ní 2010, eruku òjé tó wà nínú òkúta tí àwọn èèyàn ń lọ̀ láti wá wúrà pa ọmọ tó lé ní irinwó. Ní Boston ní 2011, tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà tí wọ́n sì lé sí ọmọ oṣù mẹ́fà lójú ló mú kí òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ wọ̀nyẹn ní ibi. Eruku ni, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn wọn.

Nítorí náà, lára ohun èlò ni kí a ka yàrá sí. Kí ilẹ̀ rẹ̀ má ní kápẹ́ẹ̀tì, kí ó ṣeé fi aṣọ tútù nù. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń rú eruku sókè ni. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé ìdáná. Ẹ má jẹun, ẹ má mu sìgá níbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú bí ẹ bá ti jáde, kí ẹ tó gbé ọmọ. Aṣọ tí ẹ fi ṣiṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ bá aṣọ ọmọ wọ omi kan náà. Ẹ ra ọta tí wọ́n fi bàbà bò, ẹ fi ti òjé lásán sílẹ̀. Ẹ sì sọ fún dókítà yín pé iṣẹ́ yìí lẹ ń ṣe, kó máa wo òjé nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Kò ní ronú kàn án fúnra rẹ̀.

Fún ìpamọ́, ìlànà NFPA, àjọ tó ń rí sí ààbò iná ní Amẹ́ríkà, gbà kí ẹ̀tù tí kò ju páùn 20 wà nínú ilé gbígbé, nínú ìgò tí wọ́n fi tà á, àti káàpù tí kò ju 10,000 lọ. Ìgò wọ̀nyẹn fẹ́lẹ́ nítorí ìdí kan: bí iná bá mú wọn, wọ́n á tètè ya, ẹ̀tù á jó lọ fẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dà á sínú àpótí irin tó tì í pa, tó rò pé òun ń ṣọ́ra, bọ́ǹbù ló ṣe.

 Bí ẹ bá wo ilé yín, tí ẹ rí i pé kò sí yàrá tí ọmọ kò ní wọ̀, tí kò sí wákàtí kan tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín nídìí iṣẹ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kátíríìjì ilé iṣẹ́ wà lórí àtẹ; ẹ máa ra ìyẹn ní báyìí.